Mo ra gardenia méjì fún ìyàwó mi: ohun tí mo rí ní ọjà òdòdó Columbia Road

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra gardenia, òdòdó funfun olóòórùn dídùn, lọ́dún yìí. Àwọn tí mo kọ́kọ́ rà kú mọ́ mi lọ́wọ́ kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé. Àwọn ìkejì wà lójú fèrèsé pálọ̀ wa bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú wọn tanná lánàá, òórùn rẹ̀ ni mo sì kọ́kọ́ bá pàdé nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn. Ọjà òdòdó Columbia Road, níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù, ni mo ti ra àwọn ìkejì yìí, ọjà náà ni mo sì fẹ́ ròyìn fún yín. Ṣùgbọ́n orin ló rán mi lọ síbẹ̀, orin náà ni mo gbọ́dọ̀ fi ṣáájú.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí. Ọkùnrin ará Kúbà kan wà ní gáréèjì wa, ọmọ Santiago. Compay ni gbogbo wa ń pè é, torí òun náà ń pe gbogbo èèyàn bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rẹ́ lápá ìlà-oòrùn ilẹ̀ wọn nìyẹn. Ọdún kẹfà rèé tí a ti jọ ń mu tíì ní aago mẹ́rin ìdájí kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Lọ́jọ́ tó gbọ́ pé Yorùbá ni mí, "Babalú Ayé" lohun àkọ́kọ́ tó tẹnu rẹ̀ jáde. Ó ní olórin kan wà nílùú àwọn, Ibrahim Ferrer, tó fi gbogbo ọkàn sin Babalú Ayé, ẹni tí àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ibẹ̀ ń pè ní Lásárù Mímọ́. Mo ní Ọbalúayé là ń pè é nílé, pé orúkọ àpọ́nlé lèyí pàápàá, nítorí a kì í pe orúkọ rẹ̀ gan-an lọ́sàn-án gangan. Compay dákẹ́ díẹ̀, ó ní ìyá àgbà òun náà kì í pè é. Láti ọjọ́ yẹn, orin Ferrer ló fi ń ṣe mí lálejò.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni "Dos gardenias", ìyẹn òdòdó gardenia méjì. Isolina Carrillo, obìnrin ará Havana tó mọ dùùrù í tẹ̀, ló kọ orin náà ní 1945. Ferrer kọ ọ́ sínú àwo Buena Vista Social Club, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Havana ní 1996, tó sì jáde ní 1997. Ẹni ọdún 69 ni bàbá náà nígbà yẹn, bàtà ló ń dán fún èèyàn kówó lè wọlé. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n sọ fún un pé ohùn rẹ̀ kò yẹ orin ìfẹ́ tí wọ́n ń pè ní bolero, pé orin ijó ni kó máa kọ. Ẹ lọ gbọ́ ọ. Rubén González ló wà nídìí dùùrù, ohùn Ferrer sì ń tẹ̀lé e jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ru ìkòkò omi kún dé ẹnu.

Compay túmọ̀ rẹ̀ fún mi lórí tíì. Ọkùnrin kan fi gardenia méjì ránṣẹ́ sí obìnrin tó fẹ́ràn. Ó ní kó wò wọ́n dáadáa, torí ọkàn tirẹ̀ àti ọkàn tòun ni wọ́n. Wọn yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn yóò máa bá a sọ̀rọ̀ bí ìgbà tí òun fúnra òun bá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí gardenia ìfẹ́ òun kú, kí obìnrin náà mọ̀ pé wọ́n ti fura ni, pé ẹlòmíràn ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

Mo gbé kọ́ọ̀bù mi kalẹ̀. Mo ní, "Compay, àrokò nìyẹn!"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Láyé àtijọ́, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí ẹnìkan lè so owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí i: ẹ̀fà, ọkàn mi fà mọ́ ọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wọ onítọ̀hún létí, á dá mẹ́jọ padà: ẹ̀jọ, èrò wa jọra. Kò sí lẹ́tà, kò sí ẹnu, ohun tí a di sínú ewé ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n owó ẹyọ kì í rọ. Ẹ gbé e sórí àjà fún ogún ọdún, mẹ́fà náà lẹ máa bá. Ohun tí Isolina Carrillo ṣe yàtọ̀: ohun tó máa kú ló rán, ó sì fi ikú rẹ̀ kún iṣẹ́ tó rán. Òdòdó náà jókòó ti obìnrin, ó ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí i létí, ó sì tún ń ṣọ́ ọ. Ọjọ́ mélòó kan ni mo fi wa ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lórí ẹ̀mí mi.

Kì í sì í ṣe òdòdó tó ṣáà bọ́ sí i lọ́wọ́ ló mú. Róòsì tí a já lè lo ọ̀sẹ̀ kan nínú omi kó máa dá wa lójú pé ohun gbogbo ń lọ déédéé. Gardenia kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá là, funfun báláú ni, awẹ́ rẹ̀ nípọn bí aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀. Ẹ fi ìka kàn án pẹ́rẹ́, ojú ibi tí ẹ fi ìka kàn á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹnikẹ́ni kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án, ọjọ́ díẹ̀ ló máa fi funfun, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí àwọ̀ òrí tó ti pẹ́. Obìnrin yẹn mọ òdòdó rẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe gbà pé orin yìí ju ọ̀pọ̀ orin ìfẹ́ lọ, àwọn tí wọ́n kàn ń dárúkọ òdòdó kí orin lè dùn létí, tó jẹ́ pé ẹ lè yọ òdòdó náà kúrò kí ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i, kò sí ohun tó máa yí padà.

Ìparí oṣù Kẹrin ni ìgbéyàwó wa pé ọdún 25. Abẹ́òkúta la ti ṣe ìdána. Mo rántí lẹ́tà tí àbúrò mi obìnrin kà níwájú àwọn àna wa, ìwé aláwọ̀ osùn tí wọ́n ká, tí wọ́n fi rìbọ́n dì láàárín. Ẹ mọ bí ó ṣe máa ń lọ: a ń kọjá lọ ni a rí òdòdó arẹwà kan nínú ọgbà yín, a wá tọrọ ààyè láti já a. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá ìyàwó mi kò pàtẹ́wọ́. Ó dúró kí ariwo rọlẹ̀, ó ní, "Ẹ ti rí òdòdó. Ṣé ẹ mọ omi tó ń mu?" Alága ìjókòó fi orin gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ilù sì dún, ṣùgbọ́n èmi tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ẹní ni ọ̀rọ̀ náà bá. N kò gbàgbé rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Nítorí náà, mo pinnu pé gardenia méjì ni mo máa fún Ìyá Bọ̀dé. Mo wọ ilé ìtajà ńlá kan nítòsí ilé wa, mo rí i lórí àtẹ láàárín káàdì ọjọ́ ìbí àti ṣokoléètì. Ìkòkò méjì, wọ́n fi ọ̀rá dán-án-dán wé wọn, òdòdó mẹ́ta ti là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìrudi sì pọ̀ lórí wọn. Kò sí ẹni tí mo lè bi ní nǹkan kan. Àmì kékeré kan ni wọ́n kì bọ inú ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n ya oòrùn àti ẹ̀kán omi sí i, ó tán.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo fi orin náà sí i, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyàwó mi ní ìlà kọ̀ọ̀kan, títí kan ìlà tó kẹ́yìn. Ó gbọ́ ọ, ó ní kí n tún un fi sí i. Ó gbé àwọn ìkòkò náà sójú fèrèsé, lókè hítà ara ògiri, níbi tí a ti lè máa rí wọn láti orí àga.

Ọjọ́ kẹta ni ìrudi àkọ́kọ́ já. Kò là, kò rọ, ó kàn já bọ́ pẹ̀lú àwọ̀ ewé lára rẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún, mẹ́rin já lẹ́ẹ̀kan náà. Ewé wá ń pọ́n, àárín rẹ̀ pọ́n ṣùgbọ́n iṣan rẹ̀ ṣì dúdú, bí ẹni fi gègé ya àwòrán odò àti ẹ̀ka rẹ̀ sí i. Mo ń bomi rin ín lójoojúmọ́, ó ń burú sí i. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé láàárọ̀, mo máa ń bá àwọn ìrudi tó já lórí tábìlì, Ìyá Bọ̀dé ti ṣà wọ́n sínú àwo tíì kékeré kan. Kò dà wọ́n nù. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n jẹ́ mọ́kànlá nínú àwo náà. Ó ní, "Bàbá Bọ̀dé, òdòdó yín ti ń sọ nǹkan o."

Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́. Ọdún 25 ni mo ti mọ ẹ̀rín yẹn, èyí kò dé ojú rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn kankan níta, Ọlọ́run mi jẹ́rìí mi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń ṣe láti oṣù Kìíní, mo sì ń fi wákàtí mìíràn kún un ní Sátidé. Bí ó bá ń lọ, mo ń bọ̀. Bí mo bá ń bọ̀, ó ń lọ. Mo jókòó ti àwo tíì yẹn pẹ́ lọ́jọ́ náà.

Mo gbé àwọn ìkòkò náà padà sí ilé ìtajà. Ọmọdékùnrin tó wà nídìí owó ní àwọn kì í gba ohun ọ̀gbìn padà, pé bóyá n kò bomi rin ín tó. Owó mi kọ́ ló dùn mí jù. Wọ́n ta ohun tó ní ẹ̀mí láìsọ ọ̀rọ̀ kan nípa bó ṣe ń wà láàyè.

Compay ló ní kí n lọ sí Columbia Road. Sọ́ńdè nìkan ni wọ́n ń ná an, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Bọ́ọ̀sì 26 tàbí 55 ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sọ̀ ní Hackney Road kí ẹ fẹsẹ̀ rìn wọlé. Ẹ má gbé mọ́tò lọ, ẹ ò ní rí ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí. Angela Burdett-Coutts, obìnrin ọlọ́rọ̀ kan, ló kọ́ ọjà ńlá sí àdúgbò yẹn ní 1869 kí àwọn mẹ̀kúnnù lè rí oúnjẹ rà níbi tó mọ́. Ọjà náà kò gbé e, wọ́n sì tì í ní 1886. Àwọn oníṣòwò tó jẹ́ Júù, tí Sátidé jẹ́ ọjọ́ ìsinmi fún, ni wọ́n ṣe sún ọjọ́ ọjà sí Sọ́ńdè. Òdòdó ló wá gba ojú pópó náà títí dòní.

Mo dé ibẹ̀ ní aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀, nígbà tí oṣù Kẹfà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ojú pópó náà tóóró, àtẹ wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, àwọn ewé sì ga débi pé ẹ ò ní rí orí ẹni tó wà níwájú yín. Àwọn ọlọ́jà ń kígbe owó. Ẹni tó bá ti ná ọjà Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta rí, ara rẹ̀ máa silé: ohùn tó ń ga, tó ń rẹlẹ̀, tí ọ̀kan ń gbà lẹ́nu èkejì. Òórùn lílì, ilẹ̀ tútù, kọfí láti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́. Mo kàn dúró fún ìgbà díẹ̀ ni.

Àtẹ mẹ́ta ni mo ti rí gardenia. Èkíní àti èkejì dá iye owó lé e kí n tó la ẹnu. Lórí ìkẹta, bàbá kan tí yóò tó ẹni àádọ́rin ọdún, tí èékánná rẹ̀ dúdú fún ilẹ̀, bi mí léèrè ibi tí mo máa gbé e sí. Mo ní ojú fèrèsé. Ó ní ṣé oòrùn àárọ̀ ló ń wọ ibẹ̀ àbí ti ọ̀sán? Ṣé hítà wà nísàlẹ̀ rẹ̀? Omi wo ni mo máa fún un? Nígbà tó di pé ó bi mí ní ti omi yìí, ojú bàbá ìyàwó mi ló wá sí mi lọ́kàn.

Mo sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tàkọ́kọ́ fún un. Ó gbọ́ ọ tán kó tó dáhùn. Ó ní omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù ló pa wọ́n, àti hítà. Ó ní kí n wo inú kẹ́tù mi nílé, ẹfun tó lẹ̀ mọ́ ọn yẹn, òun náà ni mo ń dà sí gardenia nídìí lójoojúmọ́, ilẹ̀ tí kò ní ẹfun ni igi yìí sì ń fẹ́. Bí ẹfun bá pọ̀, kò ní lè fa irin nínú ilẹ̀ mọ́, ìyẹn ló ń sọ ewé di pípọ́n tí iṣan á ṣì dúdú. Ní ti ìrudi, atẹ́gùn gbígbẹ orí hítà ló já wọn, àti gbígbé tí a ń gbé ìkòkò káàkiri láti bá a wá ibi tó dára. Ó ní bó bá ti rudi, ẹ fi í síbi tó wà.

Mo nawọ́ sí èyí tó ti là jù lórí àtẹ. Ó ní rárá, ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó mú ìkòkò kan tí ìrudi rẹ̀ ṣì dì pinpin, ó fi ìka méjì gbá igi rẹ̀ mú nídìí, ó dojú ìkòkò délẹ̀, ó sì yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò jẹ́jẹ́. Ó fi gbòǹgbò rẹ̀ hàn mí: tín-ín-rín, funfun, wọ́n rọ̀gbà yí ilẹ̀ náà ká bí òwú. Ó ní bí mo bá rí gbòǹgbò tó pọ́n, tó sì ń rùn, kí n má rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, títí kan òun alára. £15 ni ọ̀kan. Ó ta méjì fún mi ní £25, ó fi ìwé ìròyìn wé wọn dé ọrùn, ó dá ìyókù ìtọ́jú náà sọ fún mi, ó sì ní kí n tún un kà fún òun bí ọmọ iléèwé. Mo kà á: omi òjò, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, òkúta wẹ́wẹ́ sínú àwo pẹrẹsẹ, kí omi wà láàárín òkúta náà, kí ìkòkò jókòó lé e, ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ ṣùgbọ́n kì í ṣe oòrùn ọ̀sán gan-an, kí òtútù òru má mú un.

Irú ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí. Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Lórí àtẹ mìíràn lọ́jọ́ kan náà, mo ra ìdì róòsì kan fún àbúrò ìyàwó mi. Nígbà tí a tú u nílé, àwọn tí ó yí i ká lẹ́yìn ló dára, marùn-ún tó wà láàárín ti rọ lọ́rùn. Ẹ ní kí wọ́n tú ìdì kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá ti di aago mẹ́wàá, èrò á pọ̀ débi pé ẹ ò ní lè tẹ̀ síwájú, àwọn mìíràn á sì dúró sáàárín ọ̀nà láti ya fọ́tò. Ìyá tó bá gbé ọmọ lọ á jìyà. Lẹ́yìn aago méjì, owó máa ń já wálẹ̀ gan-an, ó dára fún òdòdó tí a já tí ẹ fẹ́ lò lọ́jọ́ náà. Ẹ má ra gardenia lákòókò yẹn. Gbogbo apá tó ti ń gbá a láti àárọ̀, ẹ máa rí i lára rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Mo gbé àwọn ìkòkò méjèèjì lórí itan mi nínú bọ́ọ̀sì 55, èmi tí mo máa ń wa ọkọ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí bàbá náà wí fún Ìyá Bọ̀dé. Kò sọ nǹkan púpọ̀. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè òjò rọ̀, mo ji lọ́sàn-án, mo bá gbogbo abọ́ ilé lórí bákóní: ike ìfọṣọ, ìkòkò ọbẹ̀ ńlá, àní abọ́ tí a fi ń po iyán. Ó dúró sáàárín wọn pẹ̀lú ìborí lórí, bí ìgbà tí wọ́n ń gbe omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ìgò ike mẹ́rìndínlógún ló kún. A tò wọ́n sábẹ́ síǹkì. Èmi náà lọ bá ọ̀gá mi ní gáréèjì, mo ní kó yọ mí kúrò nínú iṣẹ́ Sátidé.

Ewé kankan kò pọ́n láti ìgbà náà. Ìrudi méjì péré ló já. Bí mo bá ní kí n fún ọjà yìí ní máàkì, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni, méjì tí mo yọ jẹ́ ti èrò àti ti róòsì yẹn. Bàbá onígardenia ní tirẹ̀, mẹ́wàá ni láìyọ nǹkan kan.

Èyí tó là lánàá, Ìyá Bọ̀dé ti ń ṣọ́ ọ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó di ọwọ́ mi mú kí n má baà fi kàn án. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ lọ fi orin náà sí i, ó jókòó, ó ní kí n tún ìlà tó kẹ́yìn yẹn túmọ̀ fún òun. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ tún un fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀."